Mò ń lọ sí Ömnögovi ní Mongolia: ẹ̀yin tí ẹ mọ ibẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lóye

Àbẹ̀kẹ́ Onímáàpù:

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Wọ́n ti gbà mí sínú ikọ̀ kan tó ń wádìí omi abẹ́ ilẹ̀ ní Ömnögovi, ìpínlẹ̀ tó wà ní gúúsù pátápátá ní Mongolia, tó bá Ṣáínà pààlà. Oṣù karùn-ún la máa wọ ibẹ̀, a ó sì wà níbẹ̀ títí oṣù kẹjọ á fi parí. Dalanzadgad, olú ìlú ìpínlẹ̀ náà, ni a ó fi ṣe ibùdó, a ó sì máa lọ sí Khanbogd ní ìlà-oòrùn àti Gurvantes ní ìwọ̀-oòrùn.

Mo ti ka púpọ̀ nípa àpáta ibẹ̀ àti omi tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ti àwọn ènìyàn ni n kò rí kà. Lójú máàpù tí wọ́n fún mi, ilẹ̀ náà funfun báláú: orúkọ kan níhìn-ín, òmíràn lókèèrè réré. Àwọn wo ló ń gbé ibẹ̀? Kí ni wọ́n ń jẹ, níbo ni wọ́n ti ń pọnmi? Bí mo bá dé ẹnu ọ̀nà wọn, kí ni kí n ṣe, kí sì ni n kò gbọdọ̀ dán wò? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi nǹkan kan pamọ́ fún mi.

Bàbá Ulaanbaatar:

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi, kú oríire o. Ó pẹ́ tí mo ti ń gbé orílẹ̀-èdè yìí, iṣẹ́ sì ti gbé mi dé gúúsù yẹn lọ́pọ̀ ìgbà. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ tẹ́ ilẹ̀ náà sílẹ̀ fún ọ.

Nínú ìpínlẹ̀ 21 tí Mongolia ní, kò sí èyí tó fẹ̀ tó Ömnögovi. Ó lé ní 165,000 kìlómítà onígun mẹ́rin. Bí o bá kó ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ìwọ̀-oòrùn gúúsù Nàìjíríà pa pọ̀, láti Èkó dé Èkìtì, wọn ò tó ìdajì rẹ̀. Síbẹ̀, àyíká 70,000 ni gbogbo ènìyàn ibẹ̀, àwọn tó lé ní 20,000 nínú wọn sì wà ní Dalanzadgad nìkan. Ìyókù fọ́n káàkiri ilẹ̀ gbọọrọ yẹn. Ọdún 1931 ni wọ́n dá ìpínlẹ̀ náà sílẹ̀. Ó pín sí ọ̀nà 15 tí wọ́n ń pè ní sum, bí ìjọba ìbílẹ̀ tiwa. Sum kọ̀ọ̀kan tún pín sí bag, bag kọ̀ọ̀kan sì ní olórí tó mọ ilé gbogbo tó wà lábẹ́ rẹ̀ lórúkọ. Fi ọ̀rọ̀ bag yìí sọ́kàn, òun ló máa wúlò fún ọ jù.

Má retí iyanrìn níbi gbogbo. Ọ̀pọ̀ jù lọ ilẹ̀ Gobi, aṣálẹ̀ tó wà níbẹ̀, jẹ́ pẹ̀tẹ́lẹ̀ olókùúta wẹ́wẹ́, pẹ̀lú koríko kúkúrú àti igbó kéékèèké tó rọ̀ mọ́lẹ̀. Igi tí wọ́n ń pè ní zag ló ń hù níbi tí iyanrìn bá wà. Ó wúwo, ó le, ó sì máa ń pẹ́ kó tó dàgbà. Máa bọ̀wọ̀ fún un, má sì jẹ́ kí awakọ̀ yín gé e dáná. Òkè wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Gurvan Saikhan, òkè mẹ́ta tó tò tẹ̀lé ara wọn ní ìwọ̀-oòrùn Dalanzadgad, ni ibi tí àwọn òkè Altai parí sí, orí rẹ̀ sì ga ju 2,800 mítà lọ. Àfonífojì Yolyn Am wà nínú rẹ̀, ó há débi pé oòrùn kì í fi bẹ́ẹ̀ wọ inú rẹ̀, ìdí nìyẹn tí omi dídì ìgbà òtútù fi ń wà níbẹ̀ wọ inú ìgbà ooru. Àwọn àgbà ibẹ̀ ní láyé àtijọ́ kì í tán rárá láti ọdún dé ọdún. Ní báyìí, kó tó di ìparí oṣù kẹjọ, ó ti yọ́ tán.

Iyanrìn gidi wà ní Khongoryn Els: òkìtì rẹ̀ gùn ju 100 kìlómítà lọ, àwọn ibì kan sì ga ju 200 mítà lọ. Bí atẹ́gùn bá fẹ́ lu iyanrìn náà tó sì ń ya lulẹ̀, á máa hó bí ẹni pé ọkọ̀ òfuurufú ń kọjá. Lẹ́sẹ̀ rẹ̀ gan-an ni odò kékeré kan wà, koríko tútù yọ̀yọ̀ lẹ́bàá rẹ̀, tí ẹṣin àti ràkúnmí ń jẹ. Ìwọ tí o ń wá omi, bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀.

Ojú ọjọ́: lálẹ́ oṣù kìíní, òtútù lè kọjá −30°C, lọ́sàn-án oṣù keje, ooru lè kọjá 35°C. Dalanzadgad ga tó nǹkan bí 1,460 mítà sórí òkun, nítorí náà alẹ́ ìgbà ooru pàápàá ń tutù. Mú sùẹ́tà dání. Òjò ọdún kan ní Dalanzadgad kì í fi bẹ́ẹ̀ ju 130 mìlímítà lọ, èyí tó sì pọ̀ jù nínú rẹ̀ á rọ̀ ní oṣù keje sí oṣù kẹjọ. Ẹ̀yin á wà níbẹ̀ nígbà náà. Bí òjò bá ṣú lórí òkè, ẹ má pàgọ́ sínú ojú odò gbígbẹ.

Dókítà Ẹran:

Bàbá, ẹ kú àlàyé. Àbẹ̀kẹ́, iṣẹ́ ìtọ́jú ẹran ni mo bá lọ sí ibẹ̀, nítorí náà ti àwọn darandaran ni màá sọ, torí àwọn gan-an ni onílẹ̀.

Ẹran márùn-ún ni ayé wọn dúró lé: ẹṣin, ràkúnmí, màlúù, àgùntàn àti ewúrẹ́. Ewúrẹ́ ló pọ̀ jù ní Ömnögovi, nítorí irun kaṣimíà. Màlúù ò tó nǹkan, àfi nínú òkè Gurvan Saikhan níbi tí wàá ti rí yak, màlúù onírun gígùn. Ràkúnmí ni ògo ìpínlẹ̀ náà. Kò sí ìpínlẹ̀ tó ní in tó wọn ní gbogbo Mongolia. Oníké méjì ni tiwọn. Bí o bá rí ìké tó dúró ṣánṣán, ara ẹran náà le nìyẹn. Bí ó bá wó sẹ́gbẹ̀ẹ́, ebi tàbí iṣẹ́ ti tán an lókun.

Ìgbà tí ẹ máa dé, ní oṣù karùn-ún, wọ́n á ṣì máa ya irun ewúrẹ́. Wọ́n á so ẹsẹ̀ rẹ̀ pọ̀, wọ́n á tẹ́ ẹ sílẹ̀, wọ́n á wá fi òòyà onírin eléyín gígùn fa irun rírọ̀ tó wà lábẹ́ irun gidi jáde díẹ̀díẹ̀. Tọkọtaya, ọmọ, ìyá àgbà, gbogbo wọn ló ń ṣe é. Owó tí wọ́n bá rí níbẹ̀ ni wọ́n fi ń san gbèsè tí wọ́n jẹ lọ́jà sum láti ìgbà òtútù, òun náà ni owó ilé ìwé ọmọ. Nítorí náà má yọ wọ́n lẹ́nu pẹ̀lú ìbéèrè gígùn lọ́sẹ̀ yẹn. Jókòó tì wọ́n, bá wọn di ewúrẹ́ mú, ọ̀rọ̀ á jáde fúnra rẹ̀.

Inú ger ni wọ́n ń gbé, ilé róbótó onígi tí wọ́n fi aṣọ nípọn tí wọ́n ṣe látara irun àgùntàn bò. Nínú wákàtí díẹ̀ wọ́n lè tú u palẹ̀ kí wọ́n sì kó o sórí ọkọ̀. Wọ́n ń ṣí kiri láti pápá dé pápá, ṣùgbọ́n gbọ́ mi dáadáa: wọn kì í rìn gbéregbère. Ìdílé kọ̀ọ̀kan ní ibùdó ìgbà òtútù tirẹ̀, níbi tí òkè ti dí atẹ́gùn, pẹ̀lú ọgbà òkúta tí ìgbẹ́ ẹran ti kún inú rẹ̀ láti ọdún gbọọrọ. Ìgbẹ́ gbígbẹ yẹn ni wọ́n fi ń dáná, òun náà ni ẹran ń sùn lé kó má bàa tutù. Ìwé ìjọba wà lórí ibùdó náà. Bí o bá dé ọgbà òkúta tí kò sẹ́nìkan níbẹ̀ ní oṣù keje, má rò pé wọ́n fi í sílẹ̀. Ilé ẹlòmíràn ni. Má ṣu síbẹ̀, má fọwọ́ kan nǹkan kan, má sì gbẹ́ ilẹ̀ rẹ̀.

Ohun kan wà tí n kò lè gbàgbé láé. Abo ràkúnmí kan bímọ ní ìgbà òtútù, ó sì kọ ọmọ rẹ̀. Ìgbàkígbà tí ọmọ bá sún mọ́ ọmú, á ta á nípàá. Nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú, wọ́n so ọmọ náà mọ́ ẹ̀gbẹ́ ìyá rẹ̀. Bàbá kan gbé gòjé olórí ẹṣin wọn, morin khuur, kọ́ sórí ìké ìyá náà kí atẹ́gùn lè fẹ́ lu okùn rẹ̀, lẹ́yìn náà ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí ta á. Ìyàwó ilé dúró létí ọrùn ẹran náà, ó ń fọwọ́ pa á lára láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó ń kọrin "khöös, khöös, khöös", ohùn rẹ̀ kò ròkè, kò rodò. Ó pẹ́. Ojú gbogbo wa ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dì. Ìgbà tó yá, ìyá náà dẹ́kun ìpariwo, ó sọ orí kalẹ̀, omi ń dà lójú rẹ̀, ọmọ sì wọ abẹ́ rẹ̀ lọ mu ọmú. Ní 2015 UNESCO kọ àṣà yìí sínú ìwé àwọn àṣà tó nílò ìdáàbòbò kánkán, nítorí àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe ń dín kù. Ẹ̀yin á dé lẹ́yìn ìgbà rẹ̀, ṣùgbọ́n bi àwọn ìyá ibẹ̀ léèrè. Inú wọn á dùn láti kọ ọ́ fún ọ gbọ́.

Alárìnká:

Ẹ má bínú o, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká bá ọmọ yìí sòótọ́. Mo dé ibẹ̀ rí. Òfìfo ni ilẹ̀ náà. Ọkọ̀ á sá fún wákàtí mẹ́ta láìsí ilé, láìsí igi, láìsí ènìyàn. Lọ wo Yolyn Am, gun iyanrìn Khongor, ṣe iṣẹ́ rẹ, kí o tètè padà sí Ulaanbaatar, olú ìlú Mongolia. Kò sí ẹnì kankan níbẹ̀ tí wàá kọ́ nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀.

Dókítà Ẹran:

Ẹ̀gbọ́n, mo bọ̀wọ̀ fún yín, ṣùgbọ́n n kò gbà. Nínú wákàtí mẹ́ta tí ẹ fi sáré yẹn, ó dá mi lójú pé àwọn ènìyàn rí yín. Darandaran kan tó jókòó sórí òkè pẹ̀lú ẹ̀rọ awò-ọ̀nà-jíjìn ti mọ àwọ̀ ọkọ̀ yín, ó ti mọ ibi tí ẹ ń lọ, ó sì ti fóònù sí ẹni tó wà níwájú.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí ilẹ̀ náà fi rí bẹ́ẹ̀. Òjò tó ń rọ̀ níbẹ̀ kò lè bọ́ ju iye ẹran kan lọ lójú kan. Bí ilé méjì bá sún mọ́ra jù, koríko á tán kó tó di oṣù tó ń bọ̀, ẹran ilé méjèèjì ló máa kú. Jíjìnnà síra wọn ni wọ́n fi ń ran ara wọn lọ́wọ́. Òjò Gobi sì máa ń rọ̀ sójú kan kó dá èkejì sí. Nítorí náà ìdílé tí òjò ò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ á bẹ àwọn tó rí òjò pé kí wọ́n gba ẹran òun láyè, àwọn yẹn á sì gbà, torí lọ́dún tó ń bọ̀ ó lè jẹ́ àwọn ni yóò bẹ̀bẹ̀. Gbogbo koríko ló ní ẹni tó mọ̀ ọ́n. Gbogbo kànga ló ní orúkọ. Ilẹ̀ tí wọ́n ti ṣètò ni, kì í ṣe òfìfo.

Ẹ tún rántí dzud. Ìgbà òtútù tó bá burú ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Yìnyín lè bo koríko mọ́lẹ̀, tàbí kó yọ́ díẹ̀ kó tún dì, tí ẹran ò fi ní lè fi ẹsẹ̀ wa koríko jáde. Ní Gobi, òdìkejì rẹ̀ náà ń pani: bí yìnyín ò bá wá rárá, ẹran tó ń jẹko lọ́nà jíjìn sí kànga kò ní rí omi mu. Ìgbà òtútù 2009 sí 2010 pa ẹran tó lé ní mílíọ̀nù 8 ní Mongolia. Ti 2023 sí 2024 pa tó lé ní mílíọ̀nù 7. Ọ̀pọ̀ ìdílé ló di ẹni tí kò ní ẹran kankan lẹ́yìn ìgbà òtútù kan ṣoṣo. Àwọn tó la irú èyí já, tí wọ́n sì tún bẹ̀rẹ̀, ṣé àwọn ni ẹ ní kò sóhun tí a lè kọ́ lọ́wọ́ wọn?

Alárìnká:

Mo gbọ́, dókítà. Ti òjò tó ń rọ̀ sójú kan yẹn yé mi báyìí. Ẹ ṣé.

Awakọ̀ Jíjìn:

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Ti ọ̀nà ni tèmi. Láti Ulaanbaatar dé Dalanzadgad, ọ̀dà ni gbogbo rẹ̀, nǹkan bí 550 kìlómítà. Ọkọ̀ òfuurufú náà wà. Lẹ́yìn Dalanzadgad ni wàhálà bẹ̀rẹ̀: sí Gurvantes tàbí sí inú aṣálẹ̀, ipa táyà lásán ni ọ̀nà, ogún ipa á sì ya lẹ́ẹ̀kan náà. Àbúrò, má tẹ̀lé fóònù rẹ nìkan. Awakọ̀ tó jẹ́ ọmọ ibẹ̀ ni kí ẹ gbà, kò gbọdọ̀ jẹ́ ti Ulaanbaatar. Ọmọ ibẹ̀ ń wo òkè, ó ń wo ibi tí ewúrẹ́ kọjú sí, ó mọ̀ pé kànga wà lápá ibẹ̀.

Táyà àfirọ́pò méjì fún ọkọ̀ kan. Omi mímu tó lè gbé yín di ọjọ́ mẹ́ta, yàtọ̀ sí ti iṣẹ́. Epo: ẹ rọ ọ́ kún ní gbogbo sum tí ẹ bá kàn, kódà bí ó bá ku ìdajì. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù Mobicom àti Unitel ń ṣiṣẹ́ nínú àwọn ìlú sum. Láàárín wọn, àfi kí ẹ gun orí òkè kí ẹ tó rí i gbà. Kí ẹ yá fóònù sátẹ́láìtì kan.

Ìjì iyanrìn wọ́pọ̀ jù láti oṣù kẹta sí oṣù karùn-ún. Bí ojú sánmà bá pọ́n lápá ìwọ̀-oòrùn, ẹ dúró, ẹ yí ẹ̀yìn ọkọ̀ sí atẹ́gùn, kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ̀ kalẹ̀ lọ tọ̀. Ní oṣù kẹta 2021 irú ìjì bẹ́ẹ̀ pa àwọn darandaran ní Dundgovi, ìpínlẹ̀ tó bá Ömnögovi pààlà ní àríwá. Àwọn tí wọ́n jáde lọ wá ẹran wọn ni. Bí àwọn onílẹ̀ bá lè sọnù, kí àlejò jókòó sínú ọkọ̀.

Nípa Khanbogd àti Tsogttsetsii, ẹ ṣọ́ra fún àwọn tírélà èédú tó ń lọ sí ẹnubodè Gashuun Sukhait. Eruku wọn kì í jẹ́ kí èèyàn rí iwájú.

Ọmọ Ìwakùsà:

Awakọ̀ ti fa ọ̀rọ̀ dé ọ̀dọ̀ mi. Ibi méjì ló yí ìpínlẹ̀ yìí padà. Ọ̀kan ni Tavan Tolgoi ní Tsogttsetsii, èédú ilẹ̀ tó lé ní bílíọ̀nù 6 tọ́ọ̀nù. Èkejì ni Oyu Tolgoi ní Khanbogd, bàbà àti wúrà, nǹkan bí 80 kìlómítà sí ẹnubodè Ṣáínà. Ìjọba Mongolia ní ìdá 34 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀, ilé iṣẹ́ ìwakùsà Rio Tinto ní ìyókù. 2013 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí kó bàbà jáde látinú kòtò gbangba, ti abẹ́ ilẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹta 2023. Rélùwéè 233 kìlómítà láti Tavan Tolgoi dé Gashuun Sukhait ṣí ní oṣù kẹsàn-án 2022 láti gbé èédú.

Nítorí èyí, àwọn tí wàá bá pàdé ní Khanbogd kò rí bákan náà. Àwọn kan wá láti Ulaanbaatar ṣiṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mélòó kan, wọ́n á wọ bàálù padà. Àwọn kan jẹ́ ọmọ darandaran tó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù báyìí, tí bàbá wọn ṣì wà lẹ́yìn ràkúnmí lọ́nà tí kò jìn. Ilé ẹ̀kọ́, ilé ìwòsàn, iná mànàmáná, owó oṣù: àǹfààní wà, n kò ní parọ́. Ṣùgbọ́n ìwọ tí ọ̀rọ̀ omi gbé lọ gbọ́dọ̀ mọ ohun tó ti ṣẹlẹ̀ kó o tó dé. Ní 2012 àti 2013 àwọn darandaran Khanbogd gbé ẹ̀sùn lọ bá ọ́fíìsì tó ń gbọ́ ẹ̀sùn fún IFC, ẹ̀ka Báńkì Àgbáyé tó yá iṣẹ́ ìwakùsà náà lówó. Wọ́n ní pápá àwọn ti lọ, wọ́n ti yí ojú odò Undai padà, orísun omi Bor Ovoo tí ẹran ń mu ti wà lábẹ́ iṣẹ́, ẹ̀rù sì ń bà wọ́n fún kànga wọn. Wọ́n jókòó, àwọn darandaran, ìjọba sum àti ilé iṣẹ́, títí wọ́n fi fọwọ́ sí àdéhùn ní 2017.

Nítorí náà, bí wọ́n bá rí ọ pẹ̀lú ẹ̀rọ tó ń wọn omi, ìbéèrè àkọ́kọ́ wọn ni: ta ló rán ọ? Dáhùn ní kedere, lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kó o tó mu tíì.

Àbẹ̀kẹ́ Onímáàpù:

Ẹ̀yin àgbà mi, ẹ ṣeun gan-an ni. Mo ti ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ti inú ger ńkọ́? Mo máa jẹ́ obìnrin kan ṣoṣo nínú ikọ̀ wa, aláwọ̀ dúdú kan ṣoṣo pẹ̀lú.

Bàbá Ulaanbaatar:

Wọ́n á wò ọ́ o, àwọn ọmọdé pàápàá á fẹ́ fọwọ́ kan irun rẹ. Ìfẹ́ láti mọ̀ ni, kì í ṣe àbùkù. Ilé ibùgbé akẹ́kọ̀ọ́ ní ilé ìwé sum ni àwọn ọmọ ń gbé ní àkókò ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n láti oṣù kẹfà gbogbo wọn á ti wà nílé, nítorí náà múra sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ìbéèrè.

Dá ọkọ̀ dúró lókèèrè díẹ̀. Má sọ̀ kalẹ̀ títí wọ́n á fi mú ajá, "nokhoi khor!", ẹ mú ajá, ni kí o ké sí wọn, ajá wọn kì í ṣe ti eré. Gúúsù ni gbogbo ẹnu ọ̀nà kọjú sí. Bẹ̀rẹ̀, wọlé, má tẹ àlà ẹnu ọ̀nà mọ́lẹ̀. Yà sí apá òsì rẹ, ìwọ̀-oòrùn ni fún àlejò. Apá ọ̀tún ni ti ìdáná àti ìyàwó ilé. Òpó méjì wà láàárín: má gba àárín wọn kọjá, má sì fi ara tì wọ́n. Má na ẹsẹ̀ sí ibi iná, má ju ìdọ̀tí sínú rẹ̀.

Wọ́n á bu tíì oníwàrà fún ọ, iyọ̀ ni wọ́n fi sí i, kì í ṣe ṣúgà. Ọwọ́ ọ̀tún ni kí o fi gbà á, kí ọwọ́ òsì gbé ìgbọ̀nwọ́ ọ̀tún dúró. Ìwọ tí wọ́n kọ́ ní ìkúnlẹ̀ nílé, èyí ò ní ṣòro fún ọ. Tọ́ ọ wò, kódà bí o kò bá lè mu ún tán. Aaruul, wàrà gbígbẹ, le bí òkúta; mú un sẹ́nu, jẹ́ kó rọ̀. Ní ìgbà ooru wàá tún rí khoormog, wàrà ràkúnmí tó ti kan. Bí bàbá ilé bá na ìgò aáṣà sí ọ, gbà á tọwọ́tọwọ́, gbóòórùn ẹnu rẹ̀, dá a padà. Wọn kò ní fipá mú ọ fà á.

Kí ẹ sì kí ara yín dáadáa kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ìkíni wọn dà bíi tiwa, ó gùn: ṣé ara le, ṣé ẹran sanra, ṣé pápá dára, ṣé ọ̀nà dùn? Ẹni tó bá fò ó kọjá láti béèrè omi, wọ́n á dá a lóhùn, ṣùgbọ́n ọkàn wọn ò ní sí níbẹ̀.

Ata gbígbẹ, ọmọ mi. Mú ata gbígbẹ lọ.

Akẹ́kọ̀ọ́ Egungun:

Ẹ jẹ́ kí n fi tèmi kún un. Bí iṣẹ́ bá gbé yín dé Bulgan, àwọn ará sum yẹn ń gbin ẹ̀fọ́ nítorí omi ìsun tó wà níbẹ̀, ìwọ Àbẹ̀kẹ́ á fẹ́ rí i. Nítòsí rẹ̀ ni Bayanzag wà, àwọn òkè pupa tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ ń mú tàn. Ibẹ̀ ni ikọ̀ ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ti New York, tí Roy Chapman Andrews ṣáájú, ti rí ẹyin dáínọ́sọ̀ ní 1923, tí gbogbo ayé fi mọ̀ dájú pé ẹyin ni wọ́n ń yé. Dáínọ́sọ̀ ajẹran tí wọ́n ń pè ní Velociraptor náà, Ömnögovi ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i. Ní 1971 ikọ̀ Poland àti Mongolia rí ọ̀kan tó kú sẹ́nu ìjà pẹ̀lú Protoceratops, dáínọ́sọ̀ ajẹko kan, ẹsẹ̀ ọ̀kan ṣì wà lọ́rùn èkejì.

Ìkìlọ̀ mi nìyí: bí o bá rí egungun nílẹ̀, ya àwòrán rẹ̀, kọ ibi tó wà sílẹ̀, má gbé e. Ti orílẹ̀-èdè ni. Ní 2012 wọ́n ta egungun Tarbosaurus kan, ìbátan Tyrannosaurus, ní gbàǹjo ní New York. Mongolia lọ sí kóòtù, Amẹ́ríkà sì dá a padà ní 2013. Àwọn ará ibẹ̀ ò tíì gbàgbé ọ̀rọ̀ náà, inú wọn kì í sì í dùn sí àlejò tó ń bẹ̀rẹ̀ mú nǹkan nílẹ̀. Pẹ̀lú òkúta tí ìwọ náà máa ń kó fún àyẹ̀wò, ṣàlàyé fún wọn kí o tó fi sápò.

Ẹlẹ́yẹ Òkè:

Fún ti Gurvantes ní kúkúrú: òkè Tost wà níbẹ̀, níbi tí àmọ̀tẹ́kùn orí yìnyín ń gbé. Wọ́n ti fún àwọn kan níwèé láti wa kùsà níbẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn darandaran àti Bayarjargal Agvaantseren, obìnrin kan tó ń dáàbò bo àmọ̀tẹ́kùn náà, dìde, wọ́n ń bẹ ilé aṣòfin títí wọ́n fi sọ òkè náà di ibi ààbò ní 2016. Obìnrin náà gba ẹ̀bùn Goldman, èyí tí wọ́n ń fún àwọn tó ń dáàbò bo àyíká, ní 2019. Mo sọ èyí torí pé àwọn ará Gurvantes mọ bí wọ́n ṣe ń dúró fún ilẹ̀ wọn, wọ́n á sì bi ọ́ ní ìbéèrè tó jinlẹ̀. Àmọ̀tẹ́kùn fúnra rẹ̀, má retí pé wàá rí i. Àwọn kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ inú igbó tí wọ́n ń pè ní khulan ni o lè rí, lápá Khanbogd, tí eruku ń tẹ̀lé wọn lẹ́yìn.

Àbẹ̀kẹ́ Onímáàpù:

Ìbéèrè kan ló kù. A gbọ́dọ̀ wọn bí omi ṣe jìn sí nínú kànga, ká sì bu díẹ̀ lọ ṣe àyẹ̀wò. Lọ́wọ́ ta ni kí n ti gba àyè?

Dókítà Ẹran:

Ìjọba sum ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ, kí ẹ fi ìwé iṣẹ́ yín hàn wọ́n. Lẹ́yìn náà olórí bag. Òun ló máa sọ ìdílé tó ń lo kànga kọ̀ọ̀kan, ó sì lè fóònù sí wọn kí ẹ tó dé. Lẹ́yìn náà ìdílé fúnra wọn, kódà bí olórí bag bá ti gbà.

Má dé síbẹ̀ nígbà tí ẹran ń mu. Mo ti dúró ti kànga kan tí ọkùnrin kan ń fi korobá fa omi sínú ọpọ́n gígùn fún ràkúnmí rẹ̀. Ràkúnmí tí òùngbẹ ti gbẹ lè mu ju 100 lítà lọ lójú kan, wọ́n sì pọ̀. Gbogbo àárọ̀ rẹ̀ ló bá a lọ. Bí o bá bá a níbẹ̀, gba korobá lọ́wọ́ rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, jẹ́ kí ẹran mu tán, jẹ́ kí omi tún sun padà, kí o wá wọ̀n ọ́n. Ìwọ̀n tìrẹ náà á jẹ́ òótọ́ jù bẹ́ẹ̀. Fọ okùn àti ẹ̀rọ rẹ kí ó tó wọ inú omi wọn, níṣojú wọn. Bo kànga padà bí o ṣe bá a.

Kọ orúkọ tí wọ́n ń pe kànga náà sílẹ̀, yàtọ̀ sí nọ́ńbà tí ikọ̀ yín máa fún un. Nígbà tí èsì bá jáde, tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé ní èdè Mongolia, iyọ̀ tó wà nínú rẹ̀, bó ṣe jìn sí, bóyá ó dára fún ọmọdé, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì sum kí wọ́n lè fún olórí bag kó gbé e lọ fún ìdílé kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi owó ìtẹ̀wé náà sínú ìṣirò yín láti ìsinsìnyí.

Àbẹ̀kẹ́ Onímáàpù:

Mo ti fi ránṣẹ́ sí ọ̀gá ikọ̀ wa báyìí, ẹ̀gbọ́n. Ó ní kí n kọ iye tí ìtẹ̀wé àti ògbufọ̀ máa ná wa kó tó di ọjọ́ Ẹtì.